Àwo Funfun Orí Pèpéle Màmá

Ní ilé wa lábúlé, ojú kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti máa ń wọlé nígbà náà. Ìdí igi kaṣú ni, lórí òkúta pẹrẹsẹ kan tí ọkọ mi ti sọ di ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ló ti máa ń pè mí, tòun ti ṣòkòtò oko àti fìlà, tí yóò na fóònù sókè bí ẹni tó ń dá takisí dúró ní Ṣàngó. Tó bá yí díẹ̀ sí ọ̀tún, ohùn rẹ̀ á lọ. Tó bá yí sí òsì, ohùn tèmi á lọ. Tí ewúrẹ́ bá wá fara kàn án lẹ́sẹ̀, tó sún kúrò fún un, ó di ọjọ́ mìíràn ká tó gbúròó ara wa.

Agbowó ni èmi wà, nínú yàrá kan ṣoṣo láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí mò ń pariwo sínú fóònù pé, "Dádì, ẹ padà síbi tí ẹ dúró sí tẹ́lẹ̀."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí tọkọtaya tí orí wọn ti ń funfun ṣe tún padà di ẹni tó ń fẹ́ra sọ́nà lórí òkúta.

Bódìjà la gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ la ti tọ́ àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó fọ́n ká. Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ní òun ò lè jókòó sí bálíkónì kí òun máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ lẹ́yìn Mọ́níyà, níbi tí ọ̀dà ti tán tí ọ̀kadà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ ilé kékeré síbẹ̀, ó ń sin adìyẹ, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó sì mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀. Èmi náà fẹ́ràn ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, omi kànga rẹ̀ dùn, kò sì sí ẹni tó ń fun fèrè ọkọ̀ mọ́ni létí. Ohun kan péré ni kò sí níbẹ̀, òun gan-an ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílùú ọba ní èdè Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí wọn, ẹ̀rù sì ti ń bà wọ́n pé àwọn ọmọ náà ò ní lè kí ìyá àgbà dáadáa lórí fóònù. Tí wọ́n bá ti dé láti ilé ìwé, bí agogo mẹ́rin tiwa, wọ́n á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tiwọn, èmi náà á jókòó síwájú tèmi, a ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń gbé lọ́hùn-ún tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣeré. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò lábúlé, lórí òkúta ọkọ mi, a ò tíì kí ara wa tán tí ojú mi fi dì gbagidi lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹnu mi là sílẹ̀, ojú mi kan pa dé, mo rí bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sójú fóònù rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọ̀gá wa pè mí lẹ́yìn ìyẹn. Pẹ̀lẹ́tù ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Mà, ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá wà ni kí ẹ ti máa kọ́ wọn. Àwọn òbí yìí ò ní sùúrù." Bí mo ṣe gba yàrá ní Agbowó nìyẹn. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, mo wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo gba ilé ọkọ mi lọ bí àlejò, tòun ti báàgì.

Kò sí ìjà kankan láàárín wa, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ẹni tó bá ọkọ rẹ̀ jà tó kó jáde, ó ní ìdí tó kó jáde, ó sì lè máa rò ó fáráyé gbọ́. Èmi, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló kó mi jáde. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a lè máa wà báyìí, òun lábúlé, èmi ní Agbowó, títí eyín á fi yọ tán lẹ́nu àwa méjèèjì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí mi ká rò pé ìwé ni mo wá kà lọ́jọ́ alẹ́ mi. Ọmọkùnrin tó wà ní yàrá kejì sí tèmi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mummy, which department you dey?"

Mo ní, "Department of Husband Dey Village."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí mi pé, "Mummy, how your department?" Tí iṣẹ́ mi bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kan ilẹ̀kùn wọn kí wọ́n bá mi dín orin wọn kù. Wọ́n á dín in kù lóòótọ́, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ò ní ibi tí wọ́n ti ń dín in kù. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kàn gbà pé bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń dún nìyẹn.

Nígbà tí a gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ti ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá tààrà láti ojú sánmà, tí kò nílò òpó kankan nítòsí, ọkọ mi ló fi orúkọ wa sílẹ̀. Ó tẹ ibi tí ilé wa wà lórí máàpù. Èsì dé lójú ẹsẹ̀: ẹ ṣé, ẹ máa retí, a ó sọ fún yín tó bá kan àdúgbò yín. A retí. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dáwọ́ dúró, ọyẹ́ dé, a wu ẹ̀gẹ́, a tún gbin òmíràn. Ní Bódìjà, àwọn kan ti gbé tiwọn sórí òrùlé, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kàn fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù kó má já. Tí mo bá lọ ra tòmátì lọ́jà Bódìjà lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń wo òrùlé wọn, màá tún ṣe bí ẹni tí kò wò ó.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀kadà bá já mi sílẹ̀. Wọ́n á gba báàgì kan lọ́wọ́ mi tipátipá, wọ́n á bèèrè.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀. Àwọn èèyàn ẹ tó wà lókè, ṣé wọ́n ti dá ẹ lóhùn?"

"Wọ́n ní ká ṣì máa retí, Màmá."

"Kí ni wọ́n ń dúró dè?"

"Wọ́n ní èrò pọ̀, mà. Wọ́n ní ká tò sórí ìlà."

"Lójú sánmà náà, ẹ̀ ń tò sórí ìlà." Wọ́n mi orí. "Èmi rò pé téèyàn bá ti dé ọ̀hún, ìyẹn ti parí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Màmá díẹ̀, nítorí ọwọ́ wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí padà wà. Arúgbó ni wọ́n, àmọ́ ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀. Ilá ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbìn ín yí ilé ìdáná ká, wọ́n á ká a, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á sá a sí oòrùn títí á fi gbẹ táútáú, wọ́n á lọ̀ ọ́ di orúnlá. Kò sí ẹbí kan tó wá kí wa tó lọ láìgba ike orúnlá kan. Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun máa ń sọ pé tí wọ́n bá ṣí báàgì, orúnlá Màmá nìkan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Pèpéle kan wà lẹ́yìn ilé, kọnkéré ni, ó ga tó àyà èèyàn. Ọkọ mi mọ ọ́n láti gbé táǹkì omi lé. Táǹkì ò dé. Mo máa ń bi í pé ṣé táǹkì náà ṣì ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ láti Dùgbẹ̀ ni. Màmá ò bèèrè ní tiwọn, wọ́n kàn gbé atẹ ilá wọn síbẹ̀. Ewúrẹ́ ò lè gòkè débẹ̀, igi ò ṣíji bò ó, oòrùn àárọ̀ ló ń bá a, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fún Màmá ní pèpéle yẹn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé tiwọn ni.

Inú ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì kan ní Agbowó ni mo wà, tí mò ń tẹ àwòrán ẹranko tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, nígbà tí mẹ́sééjì dé sórí fóònù mi. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo na fóònù náà sí obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó bá mi kà á, bóyá awò ojú mi ló ń ṣe mí.

Ó kà á. Ó ní, "Mummy, wọ́n ní ó ti kan àdúgbò yín."

"Àdúgbò wo?"

"Àdúgbò yín náà ni wọ́n sọ, mà."

Mo gbá a mọ́ra. Àwòrán erin tí mo mú dání rún wómúwómú sí i lẹ́yìn, mo sì ní kó tẹ òmíràn fún mi.

Ní Challenge la ti lọ gbé àwo tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì náà, nínú páálí rẹ̀. Aṣọ Jímọ̀ ni ọkọ mi wọ̀ wá láti abúlé. Kò jẹ́ kí dírẹ́bà takisí gbé páálí náà sí búùtù, orí itan rẹ̀ ló gbé e lé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Bàbá kan tó jókòó tì wá bi í pé, "Ṣé kéèkì ìgbéyàwó ni?"

Ọkọ mi wò mí. Ó ní, "Ẹ ò jìnnà sí i, sà."

Mo wo ojú fèrèsé títí a fi kọjá Ring Road, torí mi ò fẹ́ kó rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹnjiníà tó wá bá wa tò ó, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ń na fóònù sí sánmà kiri gbogbo àgbàlá. Ó wo òrùlé, ó ní igi kaṣú máa dí i. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ilé adìyẹ, ó ní ọ̀pẹ. Ó wá dúró níwájú pèpéle, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ibí ni. Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀."

Ọkọ mi ní, "Ó yá."

Èmi náà ní, "Ó yá."

Atẹ ilá Màmá wà lórí ibẹ̀. Ọkọ mi rọra sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì gbé àwo náà lé àárín. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Màmá dúró sí tí wọ́n ń wò wá. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fi ọwọ́ kan etí rẹ̀. Ó funfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò yàtọ̀ sí tírè ńlá tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò.

"Ìyẹn náà ni?"

"Òun náà ni, Màmá."

"Kò tóbi."

"Agbára ẹ̀ ló pọ̀, mà."

"Ṣé gábàsì ló kọjú sí?"

"Òkè ló kọjú sí, mà."

"Ó dáa," ni Màmá wí, wọ́n sì wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a rí ojú àkọ́bí wa kedere láìkúrò lórí àga. A rí i pé ó ti sanra, a sì sọ fún un. Ó ní òun fẹ́ràn wa jù nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa ò dára.

Àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí náà mo dúró sílé láti dán an wò. Ọ̀gá wa ti sọ tirẹ̀. "Mà, tí wọ́n bá wọlé lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi máa jókòó tì yín. Tí kò bá já, ẹ máa kọ́ wọn nílé yín. Tó bá já, ẹ padà sí Agbowó, ká má tún sọ ọ́ mọ́." Lánlọ́ọ̀dù mi ní Agbowó náà pè, bàbá jẹ́jẹ́ kan. Ó ní ẹnìkan ti ń bèèrè yàrá mi, kí n sọ fún òun lọ́jọ́ Ajé yẹn bóyá mo ṣì ń gbé ibẹ̀ àbí mo ń lọ. Gbogbo rẹ̀ wá di ọjọ́ kan náà.

Láàárọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń ṣàn bí omi. Nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tó bá di ọ̀sán, yóò kọ́kọ́ máa kákò, yóò wá dákẹ́ lọ. Kò ní gbérí títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Lójoojúmọ́ ni. Agogo mẹ́rin iṣẹ́ mi sì bọ́ sí àárín ìdákẹ́ yẹn gẹ́lẹ́. Mo pe ẹnjiníà.

Ó ní, "Mà, ṣé kò sí nǹkan tó dí i lójú?"

"Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀. Sánmà nìkan ló wà lókè ẹ̀."

"Bóyá ìkuukùu ni, mà."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Sánmà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo pa gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, mo tún tàn wọ́n. Mo sún àga mi. Ọkọ mi bá mi sún tábìlì. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo pálọ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó rò ó láti rìn dé ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀sán Sátidé ni mo tó jáde síbẹ̀, lọ sá aṣọ. Mo rí i. Ilá ló wà lórí àwo náà. Ilá tútù, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n tò ó láti etí kan dé etí kejì, ọ̀kan ò gun ọ̀kan, ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Funfun kankan ò yọjú mọ́ lára àwo tí a fi ọjọ́ ayé wa retí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọkọ mi.

Ó dé, ó wò ó, ó ṣí fìlà.

"Ilá ni," ló wí.

"Mo rí i pé ilá ni."

"Wọ́n tò ó dáadáa."

"Dádì."

"Ohun tí mo rí ni mò ń sọ."

"Ìyá yín ni. Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni ìyàwó wọn. Wọ́n fẹ́ràn ẹ jù mí lọ."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mi ò fi ní sọ ọ́."

Ẹ má rò pé ojo ni wá. Ìyàwó ilé kì í dúró síwájú ìyá ọkọ rẹ̀ kó ní, "Màmá, ẹ kó ilá yín kúrò lórí nǹkan mi." Kò sí ohùn tí èèyàn lè fi sọ ọ́ tó máa dùn. Pèpéle náà, tiwọn ni kó tó di tiwa. Àwa la gbé ẹrù wa lé e láìbi wọ́n. Tí a bá ní kí wọ́n kó ilá kúrò, ohun tí a sọ ni pé ibẹ̀ kì í ṣe tiwọn mọ́, wọ́n sì lè ní "ó dáa" lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n má tún gbin ilá mọ́ láyé.

Ọkọ mi kúkú gbìyànjú. Ó wọ ilé ìdáná lọ bá wọn, èmi dúró síta. Nígbà tó jáde, àgbàdo sísun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo kí wọn."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní àgbàdo ti jiná." Ó kán an sí méjì, ó fún mi ní ìdajì.

Inú àgbàdo yẹn ni mo ti rí ọgbọ́n dá, bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ kúnlẹ̀ kí Màmá, mi ò sì tètè dìde.

"Màmá, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní iṣẹ́ kan."

"Dìde, ìyàwó mi. Iṣẹ́ wo?"

"Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lókè òkun, wọn ò mọ orúnlá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ́ wọn lọ́la."

"Wọn ò mọ orúnlá?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n rí, mà."

"Kí ni wọ́n wá fi ń jẹun?"

"Ọ̀rọ̀ wọn le, mà. Tó bá di ọ̀sán, ká kó gbogbo ilá tó wà níta wá sí fàráńdà, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń gbẹ."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà. Kí wọ́n rí i pé ó pọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kó ilá kúrò lórí àwo láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kó ilá kúrò. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, bí Màmá ṣe gbé atẹ tó kẹ́yìn dé fàráńdà, mo fi aṣọ tútù nu àwo náà títí ọ̀yọ̀ ilá fi tán lára rẹ̀. Màmá wẹ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó tì mí bí ìyàwó tuntun. Ọkọ mi dúró sí kọ̀rọ̀ tí kámẹ́rà ò ti lè rí i. Mo tẹ kọ̀ǹpútà.

Àwọn ọmọ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn mọ́ kedere. Ọ̀gá wa wà nínú fèrèsé tirẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Mo ní kí wọ́n kí Màmá, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ títí a ò fi rí wọn mọ́. Ni Màmá bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n rẹ́ ilá, wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi èyí tó gbẹ hàn wọ́n, wọ́n fi èyí tí kò tíì gbẹ hàn wọ́n. Wọ́n ní kí ẹni tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀yọ̀ nawọ́. Ẹnìkan ní ó dà bíi gọ́ọ̀mù, Màmá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ tó bá ń yọ̀, òun náà ni. Mo ń ṣọ́ igun kọ̀ǹpútà mi. Kò kákò. Kò já.

Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ gbé ọwọ́ sókè. Ó fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ náà. "Màmá, níbo ni ẹ ti ń sá ilá?"

Màmá ní, "O káre. Àwo funfun kan wà tí wọ́n gbé wá fún wa, orí ẹ̀ ni mo ń sá a sí. Ó dáa ju atẹ lọ. Ara ẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Mo rí ọkọ mi tó fi fìlà bo ojú ní kọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Àwo wo, Màmá?"

"Èyí tó ń gbé ojú wa wá sọ́dọ̀ yín yìí náà."

Ọmọ náà rò ó. Kò sí ìyá ọkọ lọ́rùn rẹ̀, kò sí ohun tó ń dà á láàmú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, tí ẹ bá fi ilá bò ó, a ò ní rí yín."

Ọ̀gá wa tú apá tó ká.

Màmá ní, "Ẹ ò ní rí mi?"

"Rárá, mà. Ó gbọ́dọ̀ rí òkè."

Màmá yíjú sí mi. "Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

Mo wo kọ̀rọ̀. Àjà ilé ni ọkọ mi ń wò. "Dádì náà mọ̀, mà."

Màmá padà kọjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ ò rí wọn. Àgbà méjì. Wọ́n ń wò mí nínú ilé, ó wá di ọmọ tí kò léyín níwájú ló máa là á fún mi." Wọ́n nawọ́ sí ọmọ náà. "Ìwọ, màá fi ike orúnlá ránṣẹ́ sí ẹ. Àwọn tó kù, ẹ máa tọ́ ọ wò lọ́dọ̀ ẹ̀."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ láti nu ojú. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, òun nìkan dúró.

"Mà, kò já lẹ́ẹ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ máa kọ́ wọn nílé yín. Àmọ́ ẹ máa mú Màmá wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó ti lọ tán tí mo ṣì jókòó síbẹ̀. Mo mú ègé ilá kan nínú atẹ, mo jẹ ẹ́ ní tútù. Mi ò mọ ìdí tí mo fi jẹ ẹ́.

Màmá dúró kí n gbé e mì. Wọ́n wá ní, "Ẹ gbé nǹkan lé pèpéle mi, ẹ ò bi mí."

Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Èmi náà kúnlẹ̀. A bẹ̀ wọ́n.

"Mi ò bínú," ni Màmá wí. "Mo rò pé ẹ ti rí i pé kò dáa ni, tí ẹ wá ra tírè tuntun fún mi láti fi bẹ̀ mí." Mo wo ojú wọn. Títí di òní, mi ò lè sọ bóyá wọ́n rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ àbí wọ́n kàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ mi fi ọparun kan pẹpẹ fún Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó ga, ó fẹ̀, ó fi nẹ́ẹ̀tì yí i ká. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bi Màmá ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà, wọ́n sì jẹ́ kó gbé e kiri àgbàlá kí wọ́n tó gbà. Èmi pe lánlọ́ọ̀dù mi láti orí àga mi.

"Bàbá, mò ń lọ o."

"Ṣé a ṣẹ̀ yín ni, mà?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá, sà. Ilé ọkọ mi ni mò ń lọ."

Lọ́jọ́ tí mo lọ kó ẹrù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀. Ọmọkùnrin yàrá kejì sí tèmi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó kígbe sí àwọn yòókù pé, "Mummy don graduate." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí ọkọ̀ fi ṣí.

Ní báyìí, tí agogo mẹ́rin bá ń sún mọ́lé, Màmá á gbé àpótí wọn jókòó ti pèpéle, pẹ̀lú ọ̀pá tín-ínrín kan lọ́wọ́. Adìyẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti inú ilé tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń lé ẹyẹ: "Kúrò níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí òkè."

Ọkọ mi ò nílò òkúta rẹ̀ mọ́, ó sì ń lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo wà nídìí ọbẹ̀, fóònù mi dún. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i lábẹ́ igi kaṣú, ó na ọwọ́ sókè.

"Ṣé o ń gbọ́ mi?" ló wí.

"Mò ń gbọ́ yín, Dádì. Ẹ wá jẹun."